Ṣé òótọ́ ni pé àwọn èèyàn dúdú dá ìlú àgbẹ̀ tiwọn sílẹ̀ ní Kansas, ní Amẹ́ríkà?

Òótọ́ ni. Nicodemus lorúkọ rẹ̀, ọdún 1877 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó. Kentucky lọ̀pọ̀ wọn ti wá, àwọn tí wọ́n ti ṣẹrú rí. Ìpolówó tí wọ́n gbọ́ dùn ju ohun tí wọ́n bá lọ: pápá gbalasa, tí igi tí wọn ì bá fi kọ́lé ò tó nǹkan. Ni wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Willina Hickman, tó dé ní 1878, sọ pé nígbà tí wọ́n nàka sí ìlú náà fún òun, èéfín tó ń rú jáde látinú ilẹ̀ lòun rí. Ẹkún ló bú sí.

Síbẹ̀, kí ọdún mẹ́wàá ó tó yí po dáadáa, wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì, àní ìwé ìròyìn méjì! Rélùwéè ló já wọn kulẹ̀. Ní 1888, ibòmíràn ni wọ́n gbé ojú irin gbà, làwọn oníṣòwò bá palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n tẹ̀ lé e.

Ìwọ̀nba èèyàn ló kù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú ṣì ń wálé ṣọdún ní ìparí oṣù Keje.