Kí ẹ tó wọ ilé yìnyín àtijọ́ kankan

Fún ẹni tó ń gbé ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó béèrè irinṣẹ́ tó yẹ kí òun rà láti máa wá àwọn ilé yìnyín àtijọ́ kiri, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó yìnyín pamọ́ sí kí firíjì tó dé: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Orí máàpù ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkànnì National Library of Scotland ní máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣí èyí tí íǹṣì 25 dúró fún máìlì kan. "Ice House" ni wọ́n kọ sí i gbangba. Ẹ wo àyíká ilé àwọn ọlọ́lá, pàápàá ìtòsí adágún omi, torí inú adágún ni wọ́n ti ń fọ́ yìnyín nígbà òtútù, wọn kì í sì fẹ́ rù ú jìnnà. Bí máàpù bá dákẹ́, orúkọ igbó lè sọ̀rọ̀: Ice House Wood, Ice House Plantation. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwòrán lidar (èyí tí wọ́n fi lésà yà láti òkè, tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga tó hàn) ti Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, wé e, ọ̀fẹ́ ni. Òkìtì róbótó kékeré lẹ ń wá. Bí kòtò bá wà láàárín òkìtì náà, ó ṣeé ṣe kí òrùlé ti wó.

Gbogbo èèyàn ló ń wo òrùlé. Ẹnu ọ̀nà àti ìsàlẹ̀ ló yẹ kéèyàn wò. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ kòtò bíríkì tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, òrùlé rẹ̀ dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wá kó erùpẹ̀ lé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni wọ́n ń gbà wọlé, àríwá ló sì sábà máa ń kọjú sí. Ẹ wá ojú ibi tí férémù ilẹ̀kùn jókòó sí lára ògiri: ilẹ̀kùn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ léra, torí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ló ń dí ooru lọ́nà. Nísàlẹ̀, ihò omi gbọ́dọ̀ wà, torí yìnyín tó bá jókòó sínú omi ara rẹ̀ kì í pẹ́ yọ́. Ààrò tí wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun lè tan yín jẹ, àmọ́ bíríkì inú tirẹ̀ á ti jóná. Ti ibi ìsápamọ́ ìgbà ogun Hitler ṣòro díẹ̀, torí inú ilé yìnyín gan-an ni wọ́n ti ṣe àwọn kan. Gbogbo wọn kọ́ ló sì rí róbótó: èyí tí wọ́n kọ́ sí Tugnet, Spey Bay, ní Scotland lọ́dún 1830 fún ẹja salmon, yàrá gígùn ni.

Ibi tó léwu jù ni ẹnu ilẹ̀kùn tó kángun sínú. Kò sí pèpéle, kòtò ló kàn. Bí ihò omi bá ti dí, omi á kún un, ewé á sì bo ojú omi náà débi tí ẹ ó fi rò pé ilẹ̀ ni. Ẹ fi ọ̀pá gígùn tẹ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ewé tó ń jẹrà tún máa ń tú carbon dioxide jáde, tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó sì ń sùn sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ ń rà, kì í sábà wọn èyí. Bí carbon dioxide bá tiẹ̀ dé 5%, oxygen á ṣì wà ní nǹkan bí 19.9%, ẹ̀rọ tó jẹ́ pé 19.5% ló ń ké kò ní ké, àmọ́ èémí yín á ti ń há. Ẹ̀rọ tó ń wọn carbon dioxide fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ má sọ̀ kalẹ̀.

Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ẹ má wọlé rárá. Àdán ń sùn níbẹ̀, òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti dà wọ́n láàmú. Èyí tó bá jí á jó ọ̀rá tó fẹ́ fi la òtútù já. Nígbà ooru náà, bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ jáde. Ẹ gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ní Scotland tí òfin ti gbà kéèyàn rìn káàkiri, ilé kò sí lára rẹ̀.

Ẹ lè wọn ọ̀pọ̀ nǹkan láti ẹnu ọ̀nà. Bí ihò bá wà lórí òrùlé, ẹ rọ plọ́mù tí àwọn bíríkìlà ń lò gba ibẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo okùn sí ògiri ní gbogbo ìdajì mítà. Ẹ̀rọ lésà máa ń ṣìnà lójú omi, torí náà ẹ fi okùn wọn jíjìn rẹ̀. Kòtò tó fẹ̀ ní mítà 4 lókè, 1.5 nísàlẹ̀, tó jìn ní mítà 5, á gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà 32, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 29 bó bá jẹ́ yìnyín gbáko. Fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ, nítorí náà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ní ti bíríkì, ẹ wọn gíga ìlà mẹ́rin pa pọ̀ kí ẹ lè mọ bó ṣe nípọn tó. Láti 1784 sí 1850 ni ìjọba ń gba owó orí lórí iye bíríkì, ìyẹn mú kí àwọn kan máa ṣe é tóbi. Bíríkì ńlá lè jẹ́ àmì ìgbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ fojú rí i láìséwu, ẹ lọ sí London Canal Museum ní King's Cross, níbi tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Carlo Gatti ti ń kó yìnyín Norway pamọ́ nígbà kan rí. Èyí tí ẹ bá rí fúnra yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí Historic Environment Record ti ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ohun àtijọ́ tó wà níbẹ̀: nọ́ńbà grid tó ń sọ ibi tó wà lórí máàpù, ọjọ́, ìwọ̀n, àti fọ́tò tí ọ̀pá ìwọ̀n wà nínú rẹ̀.