Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Hitler Dé Ẹnu Ọ̀sà Èkó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá máa ń sọ nígbà ayé wọn pé lásìkò ogun Hitler, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì wá rì ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀sà Èkó níbí. Àsọdùn àgbà la kà á sí. Ṣé ó ṣẹlẹ̀ ni? (Ọmọ Èbúté Mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bàbá ò parọ́ o. U-69 ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, Kiel ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá 1940. Kò tóbi rárá, gígùn ẹ̀ ò ju bíi mítà 67 lọ, inú ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin bíi 45 ti ń jẹ tí wọ́n ń sùn, láti ilẹ̀ Faransé tí Jámánì ti gbà ni wọ́n sì ti wà á wá sí etíkun tiwa. Àwọn yẹn láyà ṣá.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 1941 ló dé, Jost Metzler ni ọ̀gá ọkọ̀. Bọ́m̀bù abẹ́ omi ló kó wá. Ojú ihò tí wọ́n fi ń yin tọ̀pídò (bọ́m̀bù tó ń sáré nínú omi lọ lu ọkọ̀) náà ni wọ́n ń tì í gbà jáde, á rọra lọ jókòó sísàlẹ̀ omi, àwọn tó gbé e síbẹ̀ á ti lọ tipẹ́ kó tó bú. Wọ́n dẹ díẹ̀ sí Takoradi ní Gánà (Gold Coast nígbà yẹn), wọ́n dẹ ìyókù sí Èkó. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí? Takoradi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń to ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n kó wá nínú àpótí, tí wọ́n á wá fi fò gba Èkó, gba Kánò, títí dé Íjíbítì lọ bá ogun, yàtọ̀ sí kòkó, ẹ̀kùrọ́ àti ẹ̀pà tó ń gba èbúté wa kọjá lọ sílùú ọba.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, ọ̀kan nínú bọ́m̀bù yẹn bú mọ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Hughes lẹ́nu ọ̀sà Èkó, ó sì rì. Ẹ wá gbọ́ irú ọkọ̀ tó jẹ́: ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ìsàlẹ̀ omi kúrò lọ́nà ni, pé káwọn ọkọ̀ ńlá ráyè wọlé! Ẹ̀mí èèyàn bá a lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni bàbá ń sọ.

Kó tó dọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ó ti dá Robin Moor dúró lórí Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni jà nígbà yẹn. Metzler ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ó fún wọn ní búrẹ́dì àti bọ́tà inú agolo, ó wá rì ọkọ̀ wọn, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lójú agbami kí wọ́n tó rí wọn, àwọn kan bá ara wọn ní Bràsíl, àwọn kan ní Cape Town. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ inú bí Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, gan-an. Àwọn kan ń yin Metzler nítorí búrẹ́dì yẹn, èmi ò sí níbẹ̀ o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní màlúù tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lára ọkọ̀ yìí. Kí ló sì gbẹ̀yìn ẹ̀? (Òǹkàwé wa ní Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Akọ màlúù tó ń fín imú ni àmì ẹgbẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kùn ún sára U-69 náà, àwọn aláwàdà inú ọkọ̀ bá lọ fi àwòrán ara páálí wàràkàṣì Faransé kan lé ẹni tó fẹ́ kùn ún lọ́wọ́, ìyẹn La vache qui rit, bó ṣe di màlúù ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ohun tí ọkọ̀ onímàlúù ọ̀hún ṣe lẹ́yìn náà ò pani lẹ́rìn-ín rárá. Àìsàn ti lé Metzler kúrò nínú ọkọ̀ ní 1941, Wilhelm Zahn ló gbapò ẹ̀, Ulrich Gräf ló wá tẹ̀ lé Zahn ní 1942. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1942, láàárín Nova Scotia ní Kánádà àti erékùṣù Newfoundland, Gräf yin tọ̀pídò lu Caribou, ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá. Ó rò pé ọkọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wò lókùnkùn. Obìnrin àti ọmọdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn sójà tó ń lọ sílé, àwọn tó kú lé ní 130, ọ̀gá ọkọ̀ Caribou bá a lọ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ogun kan wà tó ń sìn wọ́n, Grandmère, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ lé ọ̀tá, ó ń ju bọ́m̀bù sómi, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù ń wò ó tó ń kọjá lọ.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1943 ni HMS Fame, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, bá U-69 ní àríwá Àtìláńtíìkì, ó sì rì í. Gräf àti gbogbo àwọn tó kù nínú ẹ̀, 46 ni wọ́n, ò séyìí tó jáde. Metzler ní tiẹ̀ la ogun já.