Lórí fóònù tèmi èmi ni nọ́ńbà wáàn, àbúrò mi ní Kàdúná ò rí mi rárá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta. Ẹnìkan bá mi ṣe wẹ́bùsáìtì lọ́dún tó kọjá, tí mo bá ti tẹ "adire Abeokuta" sí Google báyìí, tèmi ló máa kọ́kọ́ jáde. Àfi bí àbúrò mi ṣe tẹ nǹkan kan náà ní Kàdúná, ó wá mi títí, kò rí mi. Ẹni tó ṣe é wá ní kí n máa mówó wá lóṣooṣù, pé òun á máa fún Google kí wọ́n lè gbé mi sókè. Ṣé kí n san án? Mo fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà mà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Google kìí gbowó lọ́wọ́ èèyàn kó tó gbé e sókè nínú èsì, àwọn tó sanwó ìpolówó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ Sponsored sí tiwọn ni, ọjọ́ tówó bá sì tán lórí ẹ̀ ni wọ́n ń kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìpolówó ni bọ̀dá yẹn ní lọ́kàn, kó là á mọ́lẹ̀, kó sì fún yín ní risíìtì.

Ti fóònù yín yẹn, Google mọ̀ pé Abẹ́òkúta lẹ wà, ó sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń wọ ibẹ̀, ló ṣe ń tètè gbé e síwájú yín. Díńgí lẹ̀ ń wò mà. Ohun tí àbúrò yín rí ló yẹ kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táwọn bá tẹ nǹkan, ìgbà yẹn ni Google ń sáré jáde lọ wá a. Rárá o, ó ti kó o sílé tipẹ́. Ó ní prógíráàmù kan tí wọ́n ń pè ní Googlebot, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tẹ̀lé líǹkì láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíì, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kà níbẹ̀ lá kó jọ, wọ́n á wá tò ó pé ọ̀rọ̀ báyìí wà lójú ewé báyìí báyìí, ìwé ńlá yẹn ló ń ṣí wò tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan, ìyẹn ló fi ń yá tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ gbé síta lánàá lè máà tíì sí níbẹ̀ lónìí, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀.

Ta ló ń ṣíwájú? Larry Page àti Sergey Brin tó dá Google sílẹ̀ ní 1998, ọgbọ́n wọn ò jìnnà sí tiwa. Tẹ́ ẹ bá ń wá télọ̀ ní Kútọ̀, ẹni tí ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn bá júwe lẹ máa lọ bá, tó bá wá jẹ́ télọ̀ àgbà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló júwe ẹ̀, ó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Líǹkì ni ìjúwe yẹn. Lónìí wọ́n ti fi nǹkan míì kún un rẹpẹtẹ, ibi téèyàn wà, èdè ẹ̀, bí ojú ewé ṣe ń yára ṣí lórí fóònù.

Mo wo wẹ́bùsáìtì yín, wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyí: àwòrán kún un, kò sí gbólóhùn kan. Ẹ̀yin rí i pé oníko tí wọ́n dì lókùn nìyí, ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà nìyẹn, Google lè fura pé aṣọ aláró ni, àmọ́ ẹni tó ń wá "àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún", ọ̀rọ̀ yẹn ò sí níbì kankan lọ́dọ̀ yín. Iye owó tẹ́ ẹ ń gbé sí status WhatsApp, kò lè wọ ibẹ̀ lọ kà á. Ẹlòmíì tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó wá kọ "original adire Abeokuta" síbẹ̀ dáadáa, á ṣíwájú yín, torí Google ò lè fọwọ́ pa aṣọ wò. Èyí máa ń bí mi nínú o, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn.

Yorùbá wa náà ń dà á láàmú. Ẹ tẹ igba láìfàmì sí i, ṣé owó igba ni, àbí igbá, àbí ìgbà? Ó ń méfò ni. Kódà ẹ́ tó lámì lórí, ó ju ọ̀nà kan lọ tí fóònù lè gbà kọ ọ́ sínú, ojú wa ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Torí náà ẹ kọ àdìrẹ, kẹ́ ẹ tún kọ adire síbòmíì lójú ewé kan náà.

Ẹ tẹ site: sí Google, kẹ́ ẹ lẹ àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́bùsáìtì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Tí nǹkan kan ò bá jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì kó yín sínú ìwé yẹn, kí bọ̀dá yẹn lọ sí Search Console, ibi tí Google ṣe fún àwọn tó ni wẹ́bùsáìtì, kó bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n kó yín sínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Google Business Profile kó lè hàn lórí máàpù, ọ̀fẹ́ lòun náà. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, irú aṣọ, yáàdì, iye owó, Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àbúrò yín tún un tẹ̀ ní Kàdúná.