Ẹ má fa Jeep wọ ọ̀nà tí ẹ kò ti lè yí padà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní RV yín, ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń sùn sí nínú ìrìn àjò, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38, ẹ fẹ́ fa Jeep tẹ̀lé e láti Las Vegas, kí ẹ gba ọgbà ìjọba Zion, ọgbà Bryce àti ọ̀nà 12 ní Utah dé ìlú Moab, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kúkú fi Jeep náà sílẹ̀ sí Las Vegas. Ẹ má fi sílẹ̀ o. Jeep yẹn gan-an lẹ máa fi rí ohun tí ẹ ń lọ wò. RV ni kò gbọ́dọ̀ dé gbogbo ibi tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn.

Láti 2014 ni èmi àti ìyàwó mi ti ń wa RV tiwa kúrò ní Houston lọ sí Utah àti Arizona. Ẹsẹ̀ bàtà 37 ni tiwa. Tí a bá so Jeep mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á gùn tó 56. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ni mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò ní lè fi ẹ̀yìn rìn. Mọ́tò tí ẹ bá ń fà tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, tí ẹ bá tì í sẹ́yìn, táyà iwájú rẹ̀ á yí dànù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní tọ́ mọ́. Tí ẹ bá ń tì í bẹ́ẹ̀, irin tí ẹ fi so ó á tẹ̀, tàbí kí àwọn irin abẹ́ Jeep tó ń darí táyà bàjẹ́. Nítorí náà, ọ̀nàkọ́nà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ máa gbà jáde kí ẹ tó yà sí i. Ẹni tó ń wa mọ́tò kékeré kì í ronú báyìí. Èmi náà kì í ronú báyìí tẹ́lẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án 2016 ni. A ti wo ọgbà Natural Bridges tán ní Utah, a fẹ́ lọ sùn ní ìlú Mexican Hat kí a lè rí Monument Valley láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fóònù ní ọ̀nà 261 ló yá jù. Ní oríta níbi tí 261 ti yà kúrò lára 95, àkọlé wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níwájú. Mo rí i. Mo rò pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀nà náà tọ́, ọ̀dà rẹ̀ dán, igi kéékèèké wà lọ́tùn-ún lósì, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani fún ohun tó lé ní ogún máìlì. Lójijì ni ọ̀dà parí, ilẹ̀ náà sì parí pẹ̀lú rẹ̀.

Moki Dugway ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó ń wa uranium ló la á ní àwọn ọdún 1950 kí lọ́rì wọn lè rí ọ̀nà gbà. Nǹkan bíi máìlì mẹ́ta ni, òkúta wẹ́wẹ́ àti kọ́nà lórí kọ́nà, ó ń já wálẹ̀ láti orí òkè náà ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,100, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìmọ̀ràn ìjọba ìpínlẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 28 lọ, tàbí tó wúwo ju 10,000 pọ́n-ùn lọ, má gbà á. RV wa wúwo ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Mo ti rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ kí n tó dúró, nítorí náà Jeep dúró ní wíwọ́ lẹ́yìn wa. Mọ́tò méjì ti dé ẹ̀yìn. Mo sọ̀ kalẹ̀ pé kí n tú u, pínnì tó wà lára irin tí a fi so ó mọ́ RV kò yọ. Mo fi òòlù lù ú, kò yọ. Oòrùn mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan tó wà nínú mọ́tò ẹ̀yìn ló wá wò ó, ó ní wíwọ́ tí Jeep dúró ló jẹ́ kí irin náà fún pínnì pọ̀, kí ìyàwó mi wọlé, kó ṣáná sí i, kó rọra sún un síwájú díẹ̀ péré. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, pínnì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi wa Jeep lọ dúró sókè, ó tan iná ìkìlọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí wa. Èmi wá ń fi RV lọ síwájú, mo ń fi bọ̀ sẹ́yìn, níbi oríta yẹ̀pẹ̀ kan tó wà nítòsí orí òkè, títí ó fi kọjú sí ibi tí a ti wá. Ó gbà wá ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. A padà sí 95, a gba ìlú Blanding, alẹ́ ti lẹ́ kí a tó dé ibi tí a ti sùn. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Blanding, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹ̀mí àwa méjèèjì ni mo fẹ́ fi ṣòfò nítorí ọ̀nà tó yá.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti rí àkọlé tó sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn jù, mo máa ń dúró níbi tó bá tẹ́jú, tó sì tọ́, màá tú Jeep sílẹ̀ níbẹ̀, kó tó di pé ọ̀nà fi tipátipá mú mi tú u níbi tí kò dáa.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló tún kù. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí wa lórí ọ̀nà 12 tí ẹ fẹ́ gbà yẹn. Ó kọ́kọ́ gba orí òkè tóóró kan láàárín Escalante àti Boulder tí wọ́n ń pè ní Hogback, ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, kò sí irin ìdábòbò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gun Boulder Mountain dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9,600, kó tó sọ̀ lọ sí Torrey. A gùn ún dáadáa. Bí a ṣe ń sọ̀ ni mo gbóòórùn nǹkan tó ń jóná. Mo ṣe bí ẹni pé RV ni, àṣé Jeep ni. Ẹ̀rọ tí a gbé síwájú ìjókòó rẹ̀ láti máa bá wa tẹ bíréèkì, ilẹ̀ títẹ́jú ni mo ti ṣètò rẹ̀, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fara kan tèmi. Bíréèkì iwájú Jeep ti yí àwọ̀ padà sí aró nígbà tí mo wò ó, èéfín ń jáde. A dúró lé ní wákàtí kan kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i láé.

Bàbá mi wa lọ́rì gba òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè fún ọdún pípẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé jíà tí mọ́tò fi gun òkè ni kó fi sọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Utah. Ẹ bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀ kí gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì ń rọra lọ. Tí ó bá fẹ́ sáré jù, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kó dín ní máìlì márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ sì ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Fífi ẹsẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ ló ń jó o.

Ní ti Zion, ihò abẹ́ òkè tó wà lọ́nà ìlà-oòrùn níbẹ̀, 1930 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ lé ní máìlì kan, wọn kò sì ṣe é fún RV ayé òde òní. Tẹ́lẹ̀, a máa ń san dọ́là 15, wọn á dá àwọn tó ń bọ̀ dúró kí a lè gba àárín kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ti kéde pé láti 7 June 2026, ọkọ̀ tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínǹṣì 4 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 10 lọ, kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́. Tiyín ju ìyẹn lọ dájú. Ẹ fi RV sílẹ̀ sí ìlú Hurricane tàbí Springdale, ẹ fi Jeep la ihò náà kọjá. Tí ẹ bá máa kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bryce, láti Hurricane ẹ gba 59, ó máa di 389 ní Arizona, ẹ dé Fredonia, ẹ yà sí Kanab, ẹ wá gba 89 lọ sókè.

Láti Bryce, èmi ò ní fa Jeep gba ọ̀nà 12 mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbà á pẹ̀lú RV tó gùn ju tiyín lọ. Ẹ fi Jeep lọ wò ó lọ́jọ́ kan, nítorí ó lẹ́wà ju ohun tí mo lè kọ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ so ó mọ́ RV, ẹ gba 89 lọ sí àríwá, ẹ yà sí 62 tó gba Kingston Canyon dé Koosharem, kí ẹ wá bá 24 wọ Torrey. Láti ibẹ̀, 24 la ọgbà Capitol Reef já dé ìlú Hanksville, kò ní dà yín láàmú. Láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án, tí ẹ bá rí omi lórí títì, ẹ dúró. Kì í pẹ́ fà.

Tí ẹ bá fẹ́ so Jeep, kí ẹnì kan ṣoṣo so ó, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Jíà kékeré tó ń pín agbára sí táyà gbọ́dọ̀ wà ní N, jíà ńlá ní P. Tí ẹ bá so ó tán, ẹ wa RV síwájú díẹ̀, kí ìyàwó yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó wò ó bóyá táyà Jeep mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí. Ẹyọ kan tí kò bá yí, ẹ dúró.