Brownies gbígbóná nígbà ọyẹ́

Àbúrò mi tó béèrè láti Ìjerò, o ní brownies rẹ, kéèkì kòkó pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ máa ń rọ̀ yẹn, máa ń gan bíi búrẹ́dì àná tí ọyẹ́ bá ti dé, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kòkó oko bàbá rẹ ṣe é lò dípò ti inú agolo. Adó ni mo ti ń yan nǹkan tà, mo sì ti fi gáàsì, èédú àti ìkòkò oníyanrìn yan án. Ọyẹ́ ní ẹjọ́ tirẹ̀, mà á débẹ̀, àmọ́ iná ni ọ̀daràn àkọ́kọ́.

Tí o bá fi igi ìtayín gún kéèkì, tó jáde láìsí nǹkan kan lára rẹ̀, inú rẹ á dùn. Tí ti brownies bá jáde bẹ́ẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èérún tútù tó lẹ̀ mọ́ igi ni kí o máa wá. Ní 170°C, nínú páànù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó ń gba bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Láti 18 ni kí o ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àárín rẹ̀ á ṣì máa mì díẹ̀ nígbà tí o bá gbé e jáde. Jẹ́ kó mì. Ooru páànù á parí ìyókù.

Ìwọ̀n tèmi: bọ́tà gírámù 140, ṣúgà 250, kòkó lẹ́búlẹ́bú 80, ẹyin 2, fúláwà 65, iyọ̀ díẹ̀. Mi ò fi baking powder sí i rárá. Yọ́ bọ́tà, ṣúgà àti kòkó pọ̀ lórí omi gbígbóná, kí o wá po ẹyin mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọyẹ́ ti ń dá sí i: ẹyin tó sùn sí kíṣìnnì mọ́jú lóṣù Jánúárì tutù débi pé bọ́tà tó ti yọ́ á tún dì. Kó ẹyin sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná. Fúláwà ló kẹ́yìn.

Milo àti Bournvita kọ́ ni mo ń pè ní kòkó o. Máàtì, mílíìkì àti ṣúgà ti wà nínú wọn. Á dùn, àmọ́ kò ní dúdú, kò sì ní ní ìkorò díẹ̀ tó yẹ kó ní.

Ti oko bàbá rẹ ṣe é lò, àmọ́ ó níṣẹ́ nínú. Èyí tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè kan kí wọ́n tó sá a gbẹ ni kí o mú. Yan án nínú agbada gbígbẹ títí èèpo á fi máa fọ́, bó o, fẹ́ ẹ, kí o wá lọ̀ ọ́. Má retí lẹ́búlẹ́bú: nǹkan bí ìdajì kóró kòkó ló jẹ́ ọ̀rá, nítorí náà á yọ́ sínú ẹ̀rọ, á máa ṣàn. Ti inú agolo, wọ́n ti fún ọ̀rá tó pọ̀ kúrò lára rẹ̀. Tí o bá wá fi gírámù 130 èyí tó ń ṣàn rọ́pò 80 ti agolo, yọ nǹkan bí gírámù 60 kúrò nínú bọ́tà. Má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata fún ọ! Yàtọ̀ sí òórùn ata, omi tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ wọn, bó ti wù kó kéré tó, á mú kí kòkó náà dì gbagidi.

Bí kò bá sí ófùnù, wá ìkòkò irin tó nípọn, da yanrìn gbígbẹ sí i, kí o gbé agolo òfìfo tó ṣí lórí síbẹ̀ kí páànù lè jókòó lé e. Yanrìn gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa ná. Kó ẹyín iná díẹ̀ sórí ìdérí. Ooru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí oru di omi kó máa kán sínú brownies. Á pẹ́ ju ti ófùnù lọ.

Dúró bí ogún ìṣẹ́jú kí o tó gé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé áísìkiriìmù lé e nígbà òtútù wọn. Èmi ò lè jẹ yìnyín lálẹ́ ọyẹ́, tíì ni tèmi. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dì í sínú ike onídèérí kíákíá, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í fi nǹkan tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Láti mú un gbóná padà, tò ó sínú páànù pẹlẹbẹ, dé e, kí o gbé e sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀.