Ilorin sí Jidda: ṣé báálù máa ń sáré sí i tó bá ń bọ̀ wálé ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ìyá mi ń lọ Mẹ́kà, Ilorin ńbí ni báálù wọn ti máa gbéra. Nínú ìwé tí wọ́n fún wọn, aago 10 àárọ̀ ni wọ́n máa lọ, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa balẹ̀ ní Jidda. Tí wọ́n bá ń bọ̀, aago 8 alẹ́ ni wọ́n máa kúrò lọ́hùn-ún, aago 12 òru ni wọ́n máa dé. Àlọ wákàtí 8, àbọ̀ wákàtí 4, kí ló fà á? Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó nínú báálù.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Wákàtí 6 ni àlọ, wákàtí 6 náà ni àbọ̀. Aago ìlú tí báálù bá wà ni wọ́n fi ń kọ àsìkò sínú ìwé, aago Sáúdí sì fi wákàtí 2 ṣíwájú tiwa, tó bá jẹ́ aago 10 àárọ̀ l'Ọjà Ọba, aago 12 ọ̀sán ti lù ní Jidda. Ẹ yọ 2 nínú ti àlọ, ẹ fi 2 kún ti àbọ̀, ẹ ó rí i pé ó dọ́gba.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò ọ̀nà àti epo fún báálù, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan ṣì máa sọ fún yín pé wákàtí 5 ni. Irọ́ kọ́ o. Tí èèyàn bá fa ìlà tààrà láti Ilorin dé Jidda, bíi kìlómítà 4,000 ni, báálù tó bá ti gòkè dáadáa sì lè sá kìlómítà 800 sí 850 ní wákàtí kan. Àmọ́ àsìkò tó ń yí lórí ilẹ̀ kó tó fò wà níbẹ̀, tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí báálù tó ń gba ìlà tààrà yẹn délẹ̀. Ojú òfurufú Chad àti Sudan ni ìlà náà gbà kọjá, nígbà tí ogun wá bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan lóṣù kẹrin 2023 tí wọ́n ti ojú òfurufú wọn, ṣe ni àwọn báálù tó ń kó alálàájì lọ́dún náà ń yí po, wákàtí lé sí i, owó náà lé. Ọ̀nà tí wọ́n bá gbà ló ń sọ iye wákàtí.

Ti oògùn ló ká mi lára jù. Èyí tí màmá ń lò láago 8 àárọ̀ nílé, aago 10 ni yóò bọ́ sí lọ́hùn-ún, ẹ bi dókítà wọn kí wọ́n tó lọ bóyá kí wọ́n fi síbẹ̀ tàbí kí wọ́n yí i. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ báálù. Kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n máa dìde na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ Jidda ni wọ́n ń lọ tààrà, òkè níbẹ̀ ni wọ́n ti máa kọjá miqat, ìyẹn ààlà tí alálàájì ti gbọ́dọ̀ gbé àníyàn Hájì rẹ̀, kí wọ́n tó balẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, torí náà kí wọ́n má sùn lọ ní wákàtí tó kẹ́yìn.

Aago 12 òru tí wọ́n kọ fún àbọ̀ yẹn, aago Ilorin ni. Tí ẹ bá fẹ́ lọ pàdé wọn, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún yíyẹ ìwé ìrìnnà wò àti gbígba ẹrù, ìyẹn lásán lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.