Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Ẹsẹ̀ bá Kọ̀ láti Lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kópa nínú eré máratọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì jáwọ́ nígbà tí mo sá a dé kìlómítà 32 nínú 42 àti díẹ̀ tí ó yẹ kí n sá. N kò fara pa rárá. Ẹsẹ̀ mi kàn wúwo bí òkúta, inú mi sì ń sọ fún mi ṣáá pé kí n jókòó. Àwọn tí a jọ ń sáré sọ pé ọkàn mi ni kò le tó. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Báwo ni ènìyàn sì ṣe ń mú ọkàn le?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹni tí ó bá sá eré dé kìlómítà 32 lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí gan-an ń tú apá kan àṣírí náà. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tí a fi ń sáré, nǹkan bíi kìlómítà 30 ni ó sì sábà máa ń tán lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó dá ọkàn yín lẹ́bi, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa mu ohun tí ó ní ṣúgà lójú ọ̀nà kí ó tó rẹ̀ yín.

Síbẹ̀, ipa tí ọkàn ń kó kò kéré. Ní ọdún 2009, Samuele Marcora, olùwádìí nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ àfọkànṣe lórí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 90, kí wọ́n tó ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ títí agbára wọn yóò fi pin. Wọ́n tètè jáwọ́ ju ọjọ́ tí wọn kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó dín agbára iṣan wọn kù. Kẹ̀kẹ́ náà ni ó kàn le jù lójú wọn.

Ìmọ̀ràn kan wà tí n kò fara mọ́, èyí tí ó ní kí ènìyàn gbàgbé ìnira. Ìnira kìlómítà 32 kò ṣe é gbàgbé. Ẹ pè é lórúkọ: "Àárẹ̀ nìyí, mo ti ń retí rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀nà tí ó kù sí wẹ́wẹ́. Kìlómítà mẹ́wàá ń dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n òpó iná tí ó wà níwájú yín kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ẹ ka ìṣísẹ̀ yín dé ibẹ̀, ẹ dẹ èjìká, ẹ tú ìkúùkù tí ẹ dì láìmọ̀, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ tó gbójú sí òpó mìíràn. Láti ilé ni kí ẹ ti yan gbólóhùn kúkúrú tí ẹ óò máa bá ara yín sọ, kí ẹ sì máa lò ó ní ìparí gbogbo ìdárayá gígùn, nígbà tí ó bá ti rẹ̀ yín dáadáa, nítorí ohun tí a kò fi dánra wò kì í wá sí ìrántí lọ́jọ́ ìdíje.

Ní ti ìjákulẹ̀, ẹ wo Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kenya. Kò rí àyè nínú ikọ̀ Kenya tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì 2012. Ó yí sí máratọ́ọ̀nù ní 2013, ó sì gba èyí tí ó kọ́kọ́ sá ní Hamburg. Ní 2020 ó ṣe ipò kẹjọ ní London, ní 2021 ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì. Ìjákulẹ̀ kì í ṣe òpin. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí ẹ bá jáwọ́, ẹ kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: bí ẹ ṣe yára tó ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ mu, àti ìgbà tí èrò àtijókòó kọ́kọ́ dé. Ẹ óò rí i pé ìjáwọ́ náà ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí oríkèé kan bá ń dùn débi pé ìrìn yín yí padà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣègùn. Ìforítì kò dé ibẹ̀ yẹn.

Bí ẹ bá sá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé sí wa, yálà ẹ parí rẹ̀ tàbí ẹ kò parí rẹ̀.